Lọ́fínńdà Alháàjà àti Oyin Ìtòrí

Mo ṣì wà ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí mo mọ àwọn tó ti ń retí tipẹ́ pé kí n kó ẹrù mi sọdá ààlà. Kí wọ́n máa retí lọ.

Ọmọ Kétu ni mí. Kì í ṣe Kétu ti Èkó o, Kétu Alákétu, èyí tó wà lódì kejì ààlà, níbi tí àwọn Faransé ti jọba lé wa lórí nígbà kan. Lọ́jọ́ tí mo dé àdúgbò Ìjẹmọ̀, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà bi Alháàjà tó mú mi wá pé níbo ló ti rí Ègùn yìí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un pé èmi kì í ṣe Ègùn, Yorùbá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń fi Yorùbá wọn kọrin. Yorùbá wọn! Kétu ti ní ọba tó ń dé adé kí àwọn baba ńlá tiwọn tó sá wá fara pamọ́ sábẹ́ àpáta. Ṣùgbọ́n àlejò kì í dá onílé lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo bá Alháàjà wọlé.

Iṣẹ́ dúróònù ni mo wá ṣe. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lórí, ó ń fò bí ẹyẹ, wọ́n sì so kámẹ́rà mọ́ ọn nídìí. Ẹni tó ń wà á á dúró sílẹ̀, á máa fi rìmóòtù darí rẹ̀, á sì máa wo ohun tí ẹ̀rọ ń rí lójú fóònù. Ní Kútọnu ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Alháàjà ti rí mi nígbà tó wá ra aṣọ. Mo ń ya òrùlé ọjà láti òkè, ó dúró tì mí títí mo fi parí. Páànù ni òun ń tà ní Abẹ́òkúta. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n, láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ra oko lójú ọ̀nà Èkó, wọ́n sì fẹ́ mọ bí ohun tí wọ́n rà ṣe rí. Ó ní òun á ra ẹ̀rọ, èmi á máa wà á, èmi á sì máa gbé nínú ilé òun. Ó ní ṣebí Yorùbá náà ni gbogbo wa. Mo gbà á gbọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè gbọ́n nìyẹn. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ, ǹ bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé àlejò ni mí. Òtútù á sọ fún mi, àwọ̀ ara mi á sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá mi ni mo dé, tí wọ́n ń kírun bí mo ṣe ń kírun, mo wá rò pé ilé ni mo wà. Ẹni tó bá rò pé òun wà nílé kì í ṣọ́ra. Bí mo bá lanu sọ̀rọ̀ nílé ìtajà, wọ́n á wojú ara wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Kútọnu, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo gbé gbogbo orílẹ̀-èdè kan rù. Ní mọ́sáláṣí, àwọn obìnrin á sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti wọn. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé a kì í fi àyè sílẹ̀ nínú sàfù, ìyẹn ìlà ìrun. Mo máa ń wo àyè yẹn bí mo bá forí kanlẹ̀, mi ò sì ní mọ ohun tí mò ń kà mọ́.

Olórí ilé ni ẹ̀gbọ́n Alháàjà, ọkùnrin gíga kan tí gbogbo wa ń pè ní Ààfáà. Mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Kò sí ohun tuntun tó lè wọ ilé yẹn tí kò ní gbàdúrà sí: mọ́tò, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, fíríìjì, ìkókó. Wọ́n á da lọ́fínńdà sí i lọ́wọ́, irú èyí tí kò ní ọtí nínú tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà máa ń kó bọ̀, á ka àdúrà sí i, á sì fi pa nǹkan náà lára yíká. Ọwọ́ bàbá wọn ló ti bá a, bàbá náà sì bá a lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Gbogbo ilé ló ń ta sánsán. Kò ju bí oṣù kan lọ tó fi mọ́ imú mi lára, tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò pẹ́ láyé. Oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ewékorò ni mo ti gbé e sókè. Kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí kọjá lójú fóònù mi. Mo rò pé ẹyẹ ni. Nígbà tí mo wòkè, oyin ti yí i ká, wọ́n ń fò lu kámẹ́rà, wọ́n ń há sẹ́nu ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ń gé wọn, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó já. Nígbà tí mo máa rí i nínú igbó, wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀. Nǹkan tí kò ní ẹran lára, wọ́n ń ta á. Mi ò rí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ rí, àfi ojú tí obìnrin oníbúrẹ́dì fi ń wò mí.

Alháàjà ní kádàrá ni, ó ra òmíràn. Oyin tún já ìyẹn náà sínú omi àbàtà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo gbọ́ ohùn Ààfáà láti yàrá mi lẹ́yìnkùlé, kò sì gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní oyin kì í dédé lé èèyàn láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an. Ó ní gbogbo ayé ló mọ ohun tí àwọn ará Kútọnu ń gbé sápò. Èmi tí mò ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́! Lọ́jọ́ kejì, Alháàjà pè mí sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ̀kẹta lòun ń rà yìí, bó bá tún já, kí n padà síbi tí òun ti rí mi. Kò pariwo. Alháàjà kì í pariwo bí ohun tó ń sọ bá dá a lójú.

Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí níbi tó ti rí mi. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kétu ti ń bímọ kejì, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ń wa ẹ̀rọ òfurufú ní Nàìjíríà. Lójú tiwọn, ọkọ̀ òfurufú gidi ni mò ń wà.

Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, bó ṣe máa ń pè. Ó bi mí ohun tí mo jẹ, mo ní láfún ni. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ láfún ṣáá, mo ní òun ló kù ní ìlú yìí tí kò bi mí níbi tí mo ti wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá wọ́n ń ṣe dáadáa sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní bó bá sú mi, kí n máa bọ̀, òun á wá irọ́ tí òun máa pa fún àwọn ará ọjà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Mo sọkún lẹ́yìn tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, kì í ṣe nítorí àárò ilé. Inú ló ń bí mi.

Inú tó ń bí mi yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo mọ ìwà oyin díẹ̀, nítorí bàbá mi ń sin oyin nínú ìkòkò amọ̀ lẹ́yìn ilé wa kó tó kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun gbogbo tí mo lè ṣe kí wọ́n má bàa kíyè sí ẹ̀rọ kẹta yìí. Dúdú ni wọ́n ṣe é, oyin kò sì fẹ́ràn ohun dúdú tó ń kùn. Mo fi téèpù funfun bò ó lára. Mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wẹ́wẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Kí n tó fò, màá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mi rin oko yíká, màá wo ihò ara igi àti kọ̀rọ̀ òkúta bóyá oyin wà níbẹ̀. Màá lọ láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko tí wọn kò tíì jáde. Bí ọ̀kan bá sì kú mọ́ abẹ̀bẹ̀, màá fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omi, nítorí oró oyin tó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan ní òórùn tó ń pe àwọn yòókù wá.

Níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ mi kan nǹkan tó ń yọ̀. Mo gbé ìka sí imú. Mo ní láti gbé e sí i lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òórùn ilé yẹn ni, èyí tí imú mi ti gbàgbé. Mo wọlé lọ bi ìyàwó ilé kan. Kò fi pa mọ́ rárá. Ó ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ni Ààfáà ń gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, á gbàdúrà sí i, á sì fi lọ́fínńdà pa á. Ó ní láti ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ti já ló ti wá ń ṣe é dáadáa sí i.

Mo jókòó sétí kòǹga. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹni tó fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ sún mọ́ ìkòkò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ìlú dé, tó da lọ́fínńdà sára, ẹnu ọ̀nà ni oyin ti lé e padà. Oyin máa ń bínú sí irú òórùn bẹ́ẹ̀, pàápàá bí nǹkan tó ń ta òórùn náà bá ń kùn lórí ilé wọn. Bí wọ́n ṣe ń fi lọ́fínńdà pa ẹ̀rọ ni oyin ń wá, bí oyin bá sì wá, wọ́n á tún fi pa á sí i.

Mo fọ̀ ọ́ títí òórùn fi tán, mo gbé e lọ sí oko kan ní Ewékorò, mo fò fún ìgbà pípẹ́. Oyin kan ṣoṣo kò wá. Mo ya gbogbo ilẹ̀ náà, mo sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, mo jókòó sẹ́bàá títì, mo jẹ dùńdú gbígbóná, inú mi sì dùn. Ẹni tó ń tà á pè mí ní àǹtí, kò bi mí ní ìlú mi. Mo ronú pé bóyá ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ ará ìlú.

Mo wá ṣe àṣìṣe. Mo lọ sọ òtítọ́.

Alháàjà ni mo sọ fún, jẹ́jẹ́, lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní àdúrà kò burú, òórùn nìkan ni kí wọ́n yọ kúrò. Ó gbọ́ mi dópin. Ó lọ sọ fún Ààfáà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sì fi máa gba pálọ̀ já, ó ti di pé Ègùn ní àdúrà ilé wọn ń pe oyin. Àwọn tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì náà gbọ́, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní bàbá òun ti fi lọ́fínńdà yẹn pa gbogbo mọ́tò tó ní, kò sì sí èyí tí oyin lé. Mo ní mọ́tò kì í fò. Ó ní kí n má gbẹnu lé àgbà. Ààfáà pàṣẹ pé ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ láìgbàdúrà sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe. Alháàjà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n dákẹ́, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan pa á mọ́.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa tóbi. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tó ń gbé ní Ìtòrí tó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì l'Ékòó lójoojúmọ́, ní oko kajú kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ó fẹ́ kí a máa ya á fún òun ní ìgbà gbogbo, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ olóko náà á sì tẹ̀ lé e bó bá dára. Alháàjà ní òun fúnra òun máa bá mi lọ. Mo fọ ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tì í mọ́ yàrá mi.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, oòrùn ti mú díẹ̀ nítorí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé pẹ́ kó tó jáde. Kajú ti tanná, oyin sì fẹ́ràn òdòdó kajú. Mo sọ fún un pé ó yẹ ká dúró di ọ̀la. Ó ní ọ̀la iṣẹ́ ń dúró de òun l'Ékòó, òun sì ti pe àwọn èèyàn. Òótọ́ ni. Àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, àwọn mìíràn gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ń retí ẹ̀rọ tó ń fò. Mo ronú pé bí mo bá gòkè dáadáa kí n tó rìn síwájú, tí kò sì sí òórùn lára rẹ̀, a lè bọ́. Mo gbé e sórí ilẹ̀ gbalasa, mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ bátìrì wò.

Fóònù Alháàjà dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, mo rí ojú Alháàjà. Nígbà tó gbé fóònù sápò, ó mú ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi ń kán sílẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi pa ẹ̀rọ náà lórí, nídìí, lára abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin náà ṣe àmín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fi omi nù ún."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ nu àdúrà nù lójú gbogbo èèyàn?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń wo aago. Bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́. Bí mo bá fò, bóyá. Mo mú bóyá, mo gbé e sókè.

Wọn ò jẹ́ kó kọjá ìlà igi kẹta. Ihò igi kan tí mi ò ráyè yẹ̀ wò ni wọ́n ti tú jáde. Mo fà á sókè ní tààrà, bó ṣe yẹ kí n ṣe, nítorí oyin kì í tẹ̀ lé nǹkan ga púpọ̀. Àwọn wọ̀nyí tẹ̀ lé e. Mo lọ síwájú, wọ́n tẹ̀ lé e. Téèpù funfun mi ti dúdú fún oyin. Ìwúwo wọn ń jẹ bátìrì. Kò pẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ké pé agbára òun ń tán, òun fẹ́ padà síbi tí òun ti gbéra. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, á darí ara rẹ̀ wálé. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti gbéra gan-an ni ẹní wà, pẹ̀lú àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn.

Mo ní kí wọ́n sá wọ inú mọ́tò. Àwọn kan dìde, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọn ò tíì rí ohun tí mò ń rí lójú fóònù. Alháàjà rí i. Ó dì mí lápá mú, ó ní kí n gbé e bọ̀, kí n gbé e bọ̀ kíá kó tó já.

Mo fi rìmóòtù fagi lé ìpadàbọ̀ náà, mo yí i sí apá ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan. Kòtò ńlá kan wà níbẹ̀ tí omi ti kún. Mo gbé e lọ sórí omi yẹn pẹ̀lú gbogbo oyin tó wà lára rẹ̀, mo sì rì í. Ojú fóònù funfun, ó sì kú.

Alháàjà gbá mi létí. Ó ní mo ṣe é nítorí kì í ṣe ti bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn oyin tí kò bá ẹ̀rọ lọ fi dé. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n bà lé, ọwọ́ tó fi gbá mi, ọwọ́ tí lọ́fínńdà ṣì tutù nínú rẹ̀. Ó pariwo, ó ń ju ọwọ́, èyí tó tún burú jù. Mo bọ́ ìbòrí mi, mo fi wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé èjìká, mo sì tì í wọ inú mọ́tò. Wọ́n ta mí lọ́rùn, wọ́n ta mí létí tó gbá. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ ní àkókò yẹn. Mo kàn ṣe é ni.

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìtòrí, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní kó sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti dìde. Ó ń wò ó, kò wò mí.

Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ọwọ́ òsì mi wà níbẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Ẹ sọ fún Ààfáà, mà."

"Kí n sọ kí ni fún un? Pé ohun tí bàbá wa fi pa wá lórí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló fa èyí? Nínú ilé yẹn ni mo ti ń tajà, nínú ilé yẹn ni wọ́n máa sin mí. Ìwọ ní ibi tí wàá padà sí. Bá mi gbà pé ẹ̀bi rẹ ni. Sọ pé o gbàgbé nǹkan kan. Á bínú, á sì tán. Màá ra òmíràn, wàá sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Gbogbo ọ̀nà bí a ṣe ń padà sí Abẹ́òkúta ni mo fi ń rò ó. Mo wá mọ ohun tí àlejò wà fún. Onílé kò lè di ẹ̀bi ru onílé, nítorí ọ̀la wọ́n á tún jọ jẹun. Àlejò ni wọ́n ń dì í rù, bó bá sì wúwo jù, á gbé e lọ sí ìlú rẹ̀. Inú bí mi sí Alháàjà ju bó ṣe bí mi nígbà tó gbá mi lọ. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé kò parọ́: kò ní ilé mìíràn. Èmi náà mọ ohun tí mo máa pàdánù. Gbólóhùn kan péré ni, iṣẹ́ mi á sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi kò ní wá irọ́ kankan pa lọ́jà.

Wọ́n pè mí sí pálọ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ààfáà jókòó sórí àga, àwọn ìyàwó ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alháàjà jókòó sórí tìmùtìmù, ó gbé ọwọ́ wíwú rẹ̀ lé itan. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààfáà ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Alháàjà ń wo ẹní ilẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ sínú omi, sà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi."

Ó dúró kí n tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mi ò tẹ̀ síwájú, ó bi mí, ohùn rẹ̀ sì tutù, pé àdúrà tí wọ́n gbà sí i ńkọ́, ṣé mo ṣì ń sọ pé àdúrà ilé òun kò dára?

Mo gbójú sókè wò ó. Mo ní, "Àdúrà yín gbà, sà. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó kú."

Láti orí tìmùtìmù, Alháàjà sọ pé àmín. Òun nìkan ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sókè, ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, Alháàjà fúnra rẹ̀ ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Mo dìde, mo kó o. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Mo gbé báàgì sórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí apá Aké láti wá yàrá.